Ọwọ́ Bàbá Mi Lára Wáyà

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi, tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú kan ni. Wọ́n ti lò ó gbó lókè òkun kó tó dé ọwọ́ mi ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́, ìjókòó rẹ̀ kò ya, rédíò rẹ̀ sì ń ké tó fi ń mi wíńdò. Rédíò yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rà á. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mo dúró níwájú ẹni tó ń tà á, mo yí rédíò sókè, mo ń mi orí, mi ò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò dáadáa.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe oníkábúrétọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ìnjẹ́tọ̀ ni. Pọ́ọ̀ǹpù kan wà nínú táǹkì tó ń ti epo síwájú, nọ́súlù mẹ́rin ló ń fọ́n epo náà sínú ẹ́ńjìnì, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì ló sì ń sọ ìgbà tí wọn yóò fọ́n ọn. Bí bíréènì yẹn bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ọkọ̀ ti dúró nìyẹn. Tèmi sì máa ń gbàgbé.

Ká ní èmi nìkan ló ń gbé ni, ǹ bá fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà ní Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ló fi tọ́ gbogbo wa dàgbà. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń kó èrò gba orí ọ̀sà, abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì wọn wá. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ń gbé e wá mọ́, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àìsàn ojú kan ni, èyí tí kì í dunni, tó kàn ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀. Ojú òsì ti lọ pátápátá. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìkòròdú ní ti ọ̀tún ṣì ṣeé dá dúró, bó bá ń wá lóṣooṣù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì mọ bí oògùn tí wọ́n ń kán sí i ṣe ń ṣiṣẹ́. Dókítà ọ̀hún kì í wá sí Ìkòròdú ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo lóṣù, tó bá sì di ọ̀sán, ó ti lọ.

Bàbá ti gbìyànjú ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti ń bọ́ sílẹ̀ ló ṣubú, tí orúnkún rẹ̀ bó yánnayànna. Mo búra lọ́jọ́ náà pé níwọ̀n ìgbà tí èmi bá ní ọkọ̀, bàbá mi kò ní wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Ọkọ̀ tí mo fi búra sì wá di ọkọ̀ tí kì í dé ibi tó ń lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ gbé e wá láti Ẹ̀pẹ́, ìtòsí Agbówà ló ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kò wúkọ́, kò ta fíńkín. Ó kàn dákẹ́. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, tí mo ti làágùn tán, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ká tó tún rìn díẹ̀, ó tún dákẹ́. Nígbà tá a fi máa dé Ìkòròdú, dókítà ti lọ. Oṣù kejì, ohun kan náà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo bàbá mi, ó wá yíjú sí mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹta o. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá yìí.”

Mo gbé ọkọ̀ lọ sábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Ìkòròdú, níbi tí mẹkáníìkì kan àti riwáyà kan, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ti ń pín ibòji. Mẹkáníìkì ní, “Ọ̀gá mi, epo ń wá dáadáa. Wáyà ni.”

Riwáyà bínú dìde. “Wáyà kẹ̀? Tẹ́sítà mi ń tàn níbi gbogbo tó yẹ kó ti tàn. Ẹ ní kó wo pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀!”

Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Wọ́n fọ nọ́súlù. Wọ́n wá bíréènì bọ́ọ̀sì mìíràn láti ara ọkọ̀ tó ti kọlẹ̀. Ọkọ̀ ń kú síbẹ̀. Níkẹyìn, ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ká yọ ìnjẹ́tọ̀ dànù, ká gbé kábúrétọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ọkọ̀ tó bá ti rú wọn lójú láyé ìgbà yẹn nìyẹn. “Ẹ óò sùn, ẹ óò hanrun,” mẹkáníìkì ṣèlérí fún mi. Mo pariwo mọ́ wọn débi pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì gbé àga rẹ̀ kúrò. Oníbìínú èèyàn ni mí nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Bí nǹkan bá ti sú mi, ẹni tó bá sún mọ́ mi jù ló máa ń jìyà rẹ̀.

Oṣù kẹta pé. Bàbá wọ ọkọ̀, ó jókòó níwájú, ó ní, “Bísímílàhì,” ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀. Mo yí rédíò sókè kí n má baà gbọ́ àyà mi tó ń já. A kọjá Ìtóìkín, a ń sún mọ́ Agbówà, ó dákẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń gbá èyí, mo ń fa tọ̀hún. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá mi ń tọ ara ọkọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé etí ẹ́ńjìnì.

“Jẹ́ kí n fọwọ́ bà á.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Àwọn tó ń ríran ò rí i. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ríran mọ́ lẹ máa wá rí i?”

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó nù ún mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, ó sì tọ ara ọkọ̀ padà lọ jókòó. Àwọn obìnrin méjì tó ru ẹ̀gẹ́ ń kọjá lọ, wọ́n kí mi kú ìnira. Ọwọ́ tó fi kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń di bàtà ni mo ní kó kúrò lára ọkọ̀ mi. Ojú tì mí.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi. Nílé wa, wọn kì í sọ ọ́ jáde. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn, mo ní, “Bàbá, ẹ wá bá mi wò ó.”

Ó ní, “Pa rédíò yẹn ná.”

Mo pa á. Ó bi mí pé, “Ẹ́ńjìnì kú, rédíò ń kọrin. Kí nìyẹn sọ fún ẹ?” Mo ní mi ò mọ̀. “Ó ní iná ń bọ̀. Ọ̀nà tí iná bíréènì ń gbà padà ni kò dáa.”

A dúró kí ọkọ̀ tutù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì jí, Bàbá ní kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ó sì ki ọwọ́ bọ àárín àwọn wáyà. Ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń ka tẹ̀sùbáà, ó ń ká wọn, ó ń nà wọ́n. Ó kan wáyà dúdú kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó ká a, ẹ́ńjìnì kú.

“Ó wà níbí.”

Mo wo wáyà náà, ara rẹ̀ ń dán. Ó ní kí n fi ọ̀bẹ là á. Kò sí bàbà pupa kankan nínú rẹ̀, àfi ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Bàbá tọ́ ọ wò.

“Iyọ̀. Omi òkun ti bo ọkọ̀ yìí rí kí wọ́n tó gbé e wá tà fún ẹ. Bó ṣe ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnì wa létí omi nìyí. Ara wáyà á dáa, inú rẹ̀ á ti jẹrà. Kò sí tẹ́sítà tó lè rí i, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́.” Ó na ọwọ́. “Wáyà wo ló nípọn nínú ọkọ̀ yìí tá a lè ṣe láìní?”

Mo mọ èyí tó ń sọ. Mo fi ọwọ́ ara mi gé wáyà rédíò mi. Ó fi eyín bó orí rẹ̀, ó lọ́ ọ mọ́ ibi tí bàbà ti pupa, ó fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé e, ó ní kí n fún nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnì le. Ọkọ̀ náà kò kú mọ́ títí a fi dé Ìkòròdú. Dókítà ti ń palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́ nígbà tá a wọlé. Ó jókòó padà. Ojú ọ̀tún bàbá mi kò sì fọ́ ju bó ṣe wà lọ títí ó fi kú.

Rédíò kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò sì tún un ṣe. Àwa la wá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìgbà èwe bàbá mi, ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú ni mo ti gbọ́ ọ. Títí di òní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wò, ohùn bàbá mi ń ṣe mí bí ebi.

Ṣùgbọ́n lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ náà ṣì wà láàárín wa. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé Ẹ̀pẹ́, kí àkókò lè ṣẹ́kù fún wa. Nígbà tá a dé Agbówà, mo rọra pa ọkọ̀, mo jẹ́ kó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Mo ní, “Bàbá, ó tún ti ṣe é o. Ẹ bá mi wò ó.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò kánjú. Ó fọwọ́ ba gbogbo wáyà náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ fún mi, ó dé èyí tó so lóṣù tó kọjá, ó fà á, kò mì. Oòrùn ti ń mú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹ́ńjìnì, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí. Mo gbọ́ nígbà tó o yí kọ́kọ́rọ́.”

Mo ti ń múra láti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó di ọwọ́ mi mú, tó fà á sínú ẹ́ńjìnì, tó gbé e lé wáyà kan.

“Má tì í,” ló wí. “Tẹ èyí wò.”