Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Tí Kò Mì

Kò-Mì làwọn oníbàárà ń pe káfíńtà kan, torí pé bí erin bá jókòó lórí àga tó kàn, àga ò ní mì. Ó wá kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó ṣe yàrá bíńtín síwájú rẹ̀, kóun àtìyàwó lè máa gbafẹ́ lórí omi. Ìyàwó kọ̀ jálẹ̀.

"Ọkọ mi, mo fẹ́ràn yín o, àmọ́ àpò ìtọ̀ mi kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá wọ ọkọ̀ yẹn lèmi náà á wọ̀ ọ́."

Ló bá di ṣọ́ọ̀bù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì alágbèéká méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, ńlá kan bí ìtẹ́ ọba, kékeré kan bí àpótí. Kò-Mì ṣí fìlà, ó gúnwà sórí ńlá, lójú fèrèsé tí gbogbo àwọn tó ń kọjá ń wò.

"Ṣé kí n bá yín wá ìwé ìròyìn ni?" ìyàwó ẹ̀ bi í.

Ńlá ò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá ọkọ̀, kékeré ni wọ́n rà. Ọlọ́jà ṣàlàyé pé apá òkè ló ń gbé omi, táǹkì ìsàlẹ̀ ló ń gba ẹrù; tó bá kún, kí wọ́n yọ táǹkì, kí wọ́n lọ dà á nù. Kò-Mì ń mi orí, ṣùgbọ́n ìṣó ló ń rò.

Ó dé inú ọkọ̀, ó kan pákó yí nǹkan náà ká, ó lẹ̀ ẹ́, ó kàn án mọ́lẹ̀. Ó fi gbogbo ara tì í.

"Ẹ wá wò ó, ìyàwó! Kò mì!"

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó tìdí tẹnu. "Ó dáa o. Tó bá kún ńkọ́?"

"Mà á gbé táǹkì lọ dà nù."

"Táǹkì tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀? Àbí ẹ máa dojú ọkọ̀ lódindi dé ni?"

Ìyàwó ti ń wá bàtà rẹ̀ kó máa lọ sílé. Kíá, ọkọ mú òòlù, ó tú gbogbo pákó náà dànù. Ó wá dúró, ó ń họrí.

"Ìgbì á gbé e ṣubú báyìí."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ìbàdí ọkọ ẹ̀, ó fa bẹ́líìtì yọ, ó fi de tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ òpó ara ògiri ṣinṣin. "Tó bá kún, ẹ tú u. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n tú nílé?"

Bí wọ́n ṣe wọ omi nìyẹn. Kò-Mì ń fọwọ́ kan tukọ̀, ó ń fọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú. Ohùn kan jáde látinú yàrá bíńtín:

"Ọkọ mi, ẹ rọra o! Ẹnìkan wà lórí ìtẹ́!"