Ọdún Méje tí Wọ́n Yọ fún Rìsíkà

Ní ọdún tí ariwo kọ́kọ́ gba Peckham, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìjọba tún fẹ́ sún ọjọ́ orí tí èèyàn fi ń gba pẹ́ńṣọ̀n síwájú, ìyàwó mi Rìsíkà ṣì wà láyé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ tó ń nulẹ̀ ní ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé kọ, nítorí náà mo fi ọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́ náà.

Mo ní kí gbogbo wa kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wa sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwé náà kún. A gbé e lọ sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Rye Lane.

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá kò fojú di wá. Ó fi ìlà kan hàn wá lára ògiri, ìlà tó ń gòkè lọ títí dé àádọ́ta ọdún sí i. Ó ní ẹ̀mí àwọn èèyàn ń gùn sí i, ọmọ tí wọ́n ń bí sì ń dín kù. Tó bá yá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò ní pọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà àwọn àgbà. Àfi kí a pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́.

Mo dìde, mo ní ara wa ò lè gbé e. Mo na ìwé wa sí i.

Ó kà á, ó wò mí. "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Àyè ṣì wà fún yín láti múra sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi. Ọjọ́ orí inú pásípọ́ọ̀tù la kọ. Púpọ̀ nínú wa ló ti dín ọjọ́ orí kù ní Èkó ká tó wọ bàálù, torí wọ́n ní òyìnbó kì í gba àgbà síṣẹ́. Ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n ìyá Rìsíkà yọ fún un. Nínú ìwé, mo jù ú lọ. Lóòótọ́, òun ló jù mí lọ. Nílé, á ní, "Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín."

Àlàájì tó jókòó lẹ́yìn èmi àti Rìsíkà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Akọ̀wé, a ti fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa dọmọdé o."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rìsíkà kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ti wú láti àárọ̀. Ó di àga iwájú mú, ó dìde.

"Mummy Kúdí, kí lo fẹ́ sọ?" ni mo bi í.

"Mo fẹ́ sọ ọjọ́ orí mi gan-an fún un."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹ ni? Jókòó."

"Daddy Kúdí, ó ti rẹ̀ mí."

Mo fa ọwọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó jókòó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún jáde sójú títì lẹ́yìn ìyẹn. Òjò pa wá, àwọn ọlọ́kọ̀ fun fèrè fún wa, ìjọba sì ṣe bó ṣe wù ú. Rìsíkà ń bá ṣífítì àárọ̀ lọ títí ó fi kú. Ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé pátákó ìwọ́de kiri báyìí máa ń bi mí pé kí la jèrè. Mi ò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ àtisún ọjọ́ orí pẹ́ńṣọ̀n síwájú sí i, mi ò sì rò pé ẹ máa lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ Rìsíkà ní gbèsè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ níwájú èèyàn, èmi ni mo sì fà á jókòó.