Aṣọ Ọmọ tí Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi Kó Sílẹ̀

Kò sí ẹni tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í bá ṣẹ̀fẹ̀ níbi tó ti ń yan gààrí ní Erinje. Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, jẹjẹrẹ mú un lọ́mú. Dókítà fẹ́ yọ ilé ẹyin inú rẹ̀, ó ní bóyá èròjà tó ń ti ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù, tó ń bọ́ àrùn náà.

“Dókítà, ọmú ló ń dùn mí. Kí ni ikùn mi fi ṣẹ̀ yín?”

“Ibẹ̀ ni oúnjẹ àrùn náà ti ń wá.”

“Ọ̀lẹ! Kò lè lọ dáko tirẹ̀?”

Èmi àti ìyàwó mi tí a tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò tíì bímọ rí, iṣẹ́ abẹ náà yóò sì pa ìrètí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó kó aṣọ ọmọ tó ti rà pa mọ́ de ọmọ tirẹ̀ lé ìyàwó mi lọ́wọ́. “Fi wọ ọmọ rẹ, kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ náà.” Ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, a lọ sílé ìwòsàn.