Ta Ló Fi Ọwọ́ Òkú Kọ̀wé?

Unaisi Ratulevu kú ní Suva ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì. Ọjọ́ kẹwàá la sin ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, torí ó jọ pé kò sí ẹni tó rántí wọn mọ́ àfi èmi àti Salaseini, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkówèésí ìṣègùn kan nílùú yìí. Mo jókòó kọjú sí i fún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kí n tó di oníwèé ìròyìn. Iṣẹ́ wa kò lórúkọ lẹ́nu ará ìta. Bí dókítà bá kọ̀wé nípa àìsàn, àwa la ń pinnu abẹ́ orúkọ tí a ó tò ó sí, àwa la sì ń kọ ìtumọ̀ orúkọ náà, kí nọ́ọ̀sì tó wà ní erékùṣù tí ọkọ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wá ohun tó ń rí lára aláìsàn, kó sì rí i. Bí ìtumọ̀ bá wọ́, ìwé tó lè gba ẹ̀mí là á wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí i.

Nau la máa ń pè é, bí ẹni ń pe ìyá. Ẹ̀gẹ́ sísè ló máa ń gbé wá síbi iṣẹ́, o ò sì ní fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé o túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan.

“Kí ni ibà?”

“Kí ara máa gbóná, Nau.”

“Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá rọ́gbì tán náà ń gbóná. Fi ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀.”

Mo fi ebi kọ́ iṣẹ́ náà. Mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá rí ẹ̀gẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ. Májèlé kan ni, ti inú ẹja ńlá tó ń jẹ káàkiri àpáta òkun. Ó ka ìwé àwọn dókítà tán, ó tún lọ bá àwọn tó ń tajà òkun lọ́jà, ó bi ìyá àgbà kan báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ìyá náà ní, “Lọ́jọ́ tí omi tútù bá jó ọ bí iná, ìwọ náà á mọ̀.” Ohun tí Nau wá kọ rèé: “Iná kì í pa májèlé yìí, yìnyín kì í pa á. Omi tútù á máa jó ẹni tó jẹ ẹ́ bí iná. Kó má fẹnu kan irú ẹja bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.”

Jitoko, ọ̀gá wa, kò fẹ́ràn rẹ̀. Àṣẹ ti dé láti òkè pé kí ìtumọ̀ má gùn.

“Nau, ọ̀rọ̀ yín gùn ju ọ̀nà Nadi lọ. Ogún ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó má kọjá.”

“Jitoko, ṣé ẹja náà mọ̀ pé ogún ọ̀rọ̀ ni wọ́n bù fún òun?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Jitoko kò rẹ́rìn-ín. Ìtumọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ títí Nau fi kú.

Ní oṣù Kẹfà, apẹja kan tó ń jẹ́ Samisoni wọ kílíníìkì ní erékùṣù rẹ̀, ó ní omi mímu ń jó òun lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó yẹ: ó wá “omi tútù”, ó wá “jíjó”. Kò rí nǹkan kan. Ìtumọ̀ Nau kò sí níbẹ̀ mọ́; ohun tó rí lábẹ́ ẹja ni: “Inú rírun tí oúnjẹ òkun ń fà. Wo ìgbẹ́ gbuuru.” Ó fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó ní kó máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ fi orí ẹja tó kù se ọbẹ̀ fún un kí ara rẹ̀ lè le. Ó kú ní ọjọ́ kẹta.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n sì kọ ọ́ pé àṣìṣe olóògbé ni, nítorí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjèèjì, U.R., ló wà lábẹ́ àtúnṣe tó gé ìtumọ̀ náà kúrú. Ó rọrùn, àbí? Òkú kì í fẹsẹ̀ rin wá rojọ́.

Salaseini gbà wọ́n gbọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó mú eyín àbùùbùtán, ohun tí a fi ń tọrọ àforíjì nílẹ̀ wa, tí ìdílé wọn fi pamọ́ láti ayé bàbá wọn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ méjì, ó ń bì lọ́nà, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní níwájú opó Samisoni. Ó gbé eyín náà kalẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi ló ṣe é. Ẹ ṣàánú wa.” Opó náà gbà á. Ó ní, “Kí Ọlọ́run dárí jì í.”

Ìgbà tó padà dé ló gbé ìwé ìgbìmọ̀ wá bá mi, kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Mo ka ojú ewé ìkẹyìn, mo tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo la ṣe ọgọ́rùn-ún òru Nau?”

“Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀fọ̀ parí, tí mo tún fi ṣúgà sí tíì. Kí ló dé?”

Ọjọ́ náà gan-an ni U.R. ṣe àtúnṣe.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ti Nau ni wọ́n fá, lẹ́yìn tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nínú ilẹ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀? Kí ló dé tí wọn ò ti orúkọ náà pa? Gbogbo wa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan wà lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà, a ń jẹun. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wá. Ó fi ẹní ìbánikẹ́dùn rán dírẹ́bà, ó ní iṣẹ́ há òun mọ́ ọ́fíìsì. Mi ò sọ pé Jitoko ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Mo lọ bá a.

“Ẹ̀rọ máa ń ṣi ọjọ́ kọ,” ló wí.

“Ṣé ẹ̀rọ náà ló gé ọ̀rọ̀ Nau kúrú, ọ̀gá?”

“Ẹ jẹ́ kí òkú sùn.”

“Òkú ti sùn. Ilé iṣẹ́ yín ló jí i láti wá ṣiṣẹ́.”

Ó ní kí n tilẹ̀kùn tí mo bá ń jáde.

Èmi kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà mọ orí ìjókòó tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ wákàtí. Kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà síta. Kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ omi tútù padà sáyè rẹ̀ lónìí, kí ẹlòmíì tó jẹ ẹja. Kí wọ́n yọ U.R. kúrò lábẹ́ ohun tí U.R. kò kọ.

Salaseini kò béèrè eyín rẹ̀ padà. Ó ní opó kò ṣẹ òun. Ohun tó fẹ́ ni kí ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ̀ gbé tirẹ̀ lọ, kó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní kan náà, kó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọkọ̀ ń lọ. Mo ti béèrè ní èbúté. Wọ́n ní àyè ẹnì kan ṣì wà.