Iṣu Àlejò

Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá jáde, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ní Ìkàrẹ́ kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu kí wọ́n tó gbé iṣu àlejò síta. Ègé àkọ́kọ́ nínú iṣu tí a sè ni. Wọn á bu epo sí i, wọn á gbé e sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló dá a sílẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ràn àlejò ju ara rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ló sábà máa ń jẹ iṣu ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká má fi yangàn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé girama, mi ò mọ iye ìgbà tí mo fi bàbá yìí ṣàpẹẹrẹ ọmọlúàbí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ẹbí ní kí n kọ ìwé ìtàn ilé wa. Mo gbọ́ pé ìyá arúgbó kan wà ní Ọ̀kà tí ìyá ìyá rẹ̀ pìtàn ogun Tápà fún. Mo gun ọ̀kadà lọ. Bí mo ṣe dárúkọ ilé wa, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé iṣu síta fún àlejò?"

"Àwa ni, Ìyá." Inú mi ń dùn.

"Ṣé wọ́n sọ irú àlejò tó jẹ́ fún ọ?"

Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ pé àwọn ará Ọ̀kà kan wá ná ọjà ní Ìkàrẹ́ nígbà tí ogun Tápà dó ti ìlú. Ilé bàbá ńlá wa yìí ni wọ́n sá sí. Àwọn ológun ní kó mú èèyàn wá tí àwọn máa kó lẹ́rú, tàbí kí àwọn sun àdúgbò rẹ̀. Ó kó àwọn àlejò rẹ̀ fún wọn. Ogun lọ, kò sí ọmọ ilé wa kankan tó bá a lọ. Àbúrò ìyá àgbà tó pìtàn náà fún un wà lára àwọn tí wọ́n kó, ọmọdébìnrin ni. Wọn ò rí i mọ́.

"Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ìwọ náà ò ní wà láyé tí wàá fi wá bi mí léèrè," ìyá ní. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tiwa náà, ọmọ ni." Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu omi tó gbé fún mi.

Ìpàdé ẹbí gbóná. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí n yọ ìtàn náà kúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Àkùngbá ní ká kọ ọ́ gbangba pé ìkà ni bàbá, ká sì fòpin sí iṣu náà. Inú àwọn méjèèjì bí mi.

"Ẹni tó bá ní kò ṣe é, irọ́ ló ń pa," mo ní. "Ẹni tó bá sì ní ìkà lásán ni, kó sọ fún mi, ọmọ ta ni òun ì bá fún wọn?"

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," àbúrò bàbá mi sọ.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe rẹ̀, Bàbá."

"Ilé ọkọ lo wà. A lè gbé ìwé yìí fún ọkùnrin kọ."

"Ẹ gbé e fún un. Èmi á kọ tèmi. Ṣùgbọ́n ta ló dá iṣu yìí sílẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ń gbé e síta títí ó fi kú. Òun ò gbàgbé wọn. Àwa la sọ ọ́ di ohun ìyangàn."

A tú ká láìparí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún yìí, àbúrò bàbá mi gé ègé àkọ́kọ́, ó bu epo sí i. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò gbé e sórí òkúta. Ló bá padà, ó gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e lọ sí Ọ̀kà," ó ní. Kò wò mí lójú.

Iṣu ti tutù kí n tó débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú ìyá. Ó wò ó, ó wò mí, ó bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó gbé e wá," ó ní.

Ó wá sọ orúkọ ọmọdébìnrin náà fún mi. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é. Òun ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ilé wa báyìí, ṣáájú orúkọ bàbá wa.