Kọ́nà Tí A Ti Máa Ń Tẹ̀ Sọ́tùn-ún

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi ọkọ̀ yìí gbé ẹnikẹ́ni o. Irin tó di sitiárín mú ti ya."

Mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Challenge ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́ jíìpù àtijọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin ra láti máa fi lọ sóko ló ti ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Èmi ni mo ní dandan ni ká gbé ọkọ̀ náà wá síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ń yà wọ géètì wa, mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ ọkọ̀: kọ̀! Ó yí ọwọ́ sitiárín padà, ó tún dún: kọ̀! Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ ìró yẹn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ara mi ti dá a mọ̀ kí èmi fúnra mi tó rántí. Níbi tí mo dúró sí lẹ́nu géètì, mo rí i pé mo ti tẹ̀ sọ́tùn-ún.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Inú bí mi gidigidi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ló kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yẹn létí mi, mo sì mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òkè-Oyì la ti dàgbà. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nílùú Ìlọrin, èmi àti Rìsíkátù, ọmọ agboolé kejì sí tiwa. A máa ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní àdúgbò Gàmbàrí níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, a ó sì padà sílé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Jíìpù Bàbá mi ló ń gbé wa lọ, òun ló sì ń gbé wa bọ̀. Àwọ̀ ewé ni jíìpù náà nígbà kan rí. Nígbà tiwa, àwọ̀ eruku ni. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn kan pa. Pákó méjì là ń jókòó lé, a kọjú síra wa, iṣu àti apẹ̀rẹ̀ ata sì wà láàárín. Bí ewúrẹ́ bá wà tó ń lọ sọ́jà, òun ló máa ń rí àyè tó dára jù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, gbogbo agboolé á gbọ́ òórùn epo àti ògì gbígbóná. Bàbá á ṣe bísímílàhì, àwọn ọkùnrin á ti ọkọ̀, ó di ọ̀nà. Kọ́nà kan wà ṣáájú odò tí ọ̀nà ti yà sọ́tùn-ún lójijì. Bí a bá ti ń sún mọ́ ọn, Bàbá á pariwo:

"Ẹ tẹ̀ sọ́tùn-ún!"

"A ti tẹ̀!" Gbogbo wa nìyẹn, títí kan àwọn ìyá arúgbó tó ń gbé ata lọ.

Ọkọ̀ á dún kọ̀, á ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà á yà. Rìsíkátù ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù. Yóò da gbogbo ara rẹ̀ lé mi, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí a ó fi rékọjá afárá. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́ kó tó yà, Bàbá á bojú wẹ̀yìn: "Ta ni kò tẹ̀ dáadáa níbẹ̀ yẹn?" Olúkúlùkù á máa tọ́ka sí ẹnìkejì. A gbà tọkàntọkàn pé àwa là ń wa ọkọ̀ náà.

Mo ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba: títẹ̀ wa kò ran jíìpù náà lọ́wọ́ rárá. Àwọn àgbà ti rí ewu, wọ́n wá fi kọ́ àwọn ọmọdé léré.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, Bàbá yà sọ́dọ̀ Bàbá Gàní, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Gàmbàrí, nítorí ìró náà ti ń pọ̀ jù. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀ kódà bó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, fìlà náà kì í sì í dọ̀tí. N kò mọ bó ṣe ń ṣe é. Ó fi kẹrosíìnì fọ ibi tí wọ́n de àpótí sitiárín mọ́ ara ọkọ̀, ó nù ún gbẹ. Ó wá bi wá pé, "Ta ló ní ṣọ́ọ̀kì nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́?"

Ṣọ́ọ̀kì tíṣà kò gbọdọ̀ wà lápò ọmọ ilé ìwé. Rìsíkátù wò mí, ó wo ilẹ̀, ó wá yọ ọ̀kan láti inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Olè ni ọ́," ni Bàbá Gàní wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́hun á ṣe ọ́ ní tíṣà."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì náà pa irin yẹn títí ó fi funfun. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ká máa wò ó. Láìpẹ́, ìlà dúdú tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára funfun náà, láti orí bóòtì kan dé orí èkejì, bí ìgbà tí ẹnìkan ń kọ̀wé láti inú wá. Kẹrosíìnì tó ti sá sínú ibi tó ya ló ń jáde padà.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ti ya. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Lọ́la, mo máa gé e kúrò, mo máa ṣe tuntun."

"Iṣu àwọn èèyàn ńkọ́ lọ́la?" ni Bàbá mi fèsì. "Àwọn ọmọ yìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá mi lẹ̀ ẹ́."

"Irin yẹn ti rẹ̀, Bàbá. Lílẹ̀ kọ́ ló kàn án."

"Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Wẹ́dà tó ń jórin ní ìsọ̀ kejì lẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kun ún lọ́dà dúdú, ó fi bo ojú ìlà náà. A wọlé, a jókòó.

Mọ́ńdè kẹta lẹ́yìn ìyẹn, a dé kọ́nà. "Ẹ tẹ̀ sọ́tùn-ún!" "A ti tẹ̀!" Mo rí Bàbá tó yí ọwọ́, táyà kò yà. Irin náà ti ya kúrò pátápátá. Ọkọ̀ lọ tààrà, ó wọ oko ẹ̀gẹ́, ó gorí ebè, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Adìyẹ fò, ata dà. Àpò iṣu já lu apá ọ̀tún Rìsíkátù. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ yí síbi tí ìgbúnwọ́ kì í yí sí.

Kò sẹ́ni tó kú. "Ọlọ́hun ló yọ wá," ni gbogbo ìlú ń sọ, òótọ́ sì ni. Wọ́n ṣe sàráà, wọ́n pín màsà, mo jẹ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ṣọ́ọ̀kì. Ẹnikẹ́ni kò bẹ Rìsíkátù. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà ilé ìwé ló ba ọmọ òun lápá jẹ́, kò sì jẹ́ kó padà síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Wọ́n wọ́ jíìpù lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gàní. Ó gé irin àtijọ́ kúrò, ó lọ ojú ibẹ̀ títí ó fi dán. Ó gé irin tó nípọn, ó lu ihò mẹ́rin sí i, ó ki páìpù kékeré sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí bóòtì má baà fún ara ọkọ̀ wọlé, ó jó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ó fi bóòtì tuntun dè é. Ó ní kí Bàbá máa yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, òun sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà nísàlẹ̀. "Kò mì mọ́." Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì kírun aláásárì tó fi parí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ọjọ́ kan tí Bàbá kò lè fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ Rìsíkátù san.

Bàbá mi fẹ́ràn wa. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn: ìfẹ́ rẹ̀ kò di bóòtì kankan mú.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà yẹn, kọ́nà náà kò sì le mọ́. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Rìsíkátù jọ wọ bọ́ọ̀sì láti Òkè-Oyì, níbi tó ti ń ta iṣu létí títì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Apá ọ̀tún yẹn kò nà tán títí dòní. Bí a ṣe dé kọ́nà, àwa méjèèjì tẹ̀ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. A wo ara wa. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Kọ́kọ́rọ́ jíìpù ọmọ mi wà ní kókó ìró mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó ń bínú sí mi. Kó máa bínú. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ti gé irin yẹn kúrò tó sì fi tuntun sí i, tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn án tí kò mì, yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, mo bẹ̀ yín: bó bá ń dún, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ láti tẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́.