Bíréèkì Tí Ọ̀gá Mi Pààrọ̀ Kí Eré Ọkọ̀ Tó Bẹ̀rẹ̀

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo bá ọ̀gá mi, Alhaji Sàláwù, níbi tó ti ń tú gbogbo ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ wa ṣe ipò kìíní lánàá. Ẹnu mi là, kò ṣeé pa dé.

Mẹkáníìkì ni mí ní Pópó Yemọja, nígbà tí Pijó 504 ṣì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá. Mo ti gba fíríìdọ̀mù, àmọ́ mi ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Múfú, àbúrò ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sÉkòó, ló ra Pijó àlòkù kan, tó ní òun máa fi sáré ìje ní pápá bàálù àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Sátidé, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á dá yí pápá po, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa dúró níwájú lọ́jọ́ kejì. Epo díẹ̀ la rọ, torí epo wúwo. Ọ̀gá fi páálí dí iwájú ọkọ̀ kí atẹ́gùn má baà fà á sẹ́yìn. Rédíétọ̀ á gbóná, àmọ́ eré á ti parí kó tó hó. A fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó le, a sì fi páàdì bíréèkì tó rọ̀ sí i, èyí tó ń dì mú láìtíì gbóná.

Ní Sọ́ńdè, ọ̀gá yọ páálí, ó rọ epo kún táńkì, ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù, torí ooru á tún fẹ̀ ẹ́ bí eré bá pẹ́. Ó wá fi páàdì líle sí i, èyí tó máa ń dì mú bó bá tiẹ̀ gbóná gan-an.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà,” Múfú bẹ̀ ẹ́. “Wọ́n á kọjá lára mi.”

“Jẹ́ kí wọ́n kọjá. Bí bíréèkì bá gbóná débi tí kò di nǹkan mú mọ́, ta lo máa ké sí?”

Múfú pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé gbàgà.

Lóòótọ́, wọ́n kọjá lára ẹ̀. Kólà, awakọ̀ kan láti Òjé, ló bọ́ síwájú. Àwọn èèyàn ẹ̀ ò fọwọ́ kan nǹkan kan lára ọkọ̀ tiẹ̀ láti àná. Nígbà tó yá, tí bíréèkì àwọn yòókù ti gbóná, Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bá, títí ó fi ku Kólà nìkan níwájú ẹ̀.

Ibi kọ́nà tí mo dúró sí gan-an ni táyà Kólà ti bẹ́. Ọkọ̀ náà gbókìtì, ó dojú dé sáàárín ọ̀nà, Múfú sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú eré. Mo dijú. Igbe táyà ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tí mo lajú, ọkọ̀ Múfú ti dúró. Èèyàn ò lè fẹ̀gbẹ́ kọjá láàárín òun àti ti Kólà. Epo ń ṣàn nílẹ̀. Múfú ti bẹ́ sílẹ̀, ó ń fa Kólà jáde lójú fèrèsé. Apá Kólà ti kán, àmọ́ ó ń mí. Àwọn ọkọ̀ tó kù gba orí koríko kọjá lọ.

Ọ̀gá lọ bá àbúrò ẹ̀. “Ṣó dì mú?”

“Ó dì mú, ẹ̀gbọ́n.” Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà.

Mi ò tiẹ̀ rántí ojú ẹni tó gbé ife. Nírọ̀lẹ́, tá a dé Pópó Yemọja, àwọn ará àdúgbò ti ń dúró dè wá.

“Alhaji, ta ló gbégbá orókè?”

“Àwọn méjèèjì wà láyé,” ọ̀gá dá wọn lóhùn, ó sì bọ́ sílé lọ wá kẹ́tùlù tó máa fi ṣe àlùwàlá.